Ile mi, láìfi àmì sí i

Nínú gbogbo ibi tí mo ti gbé rí, Mẹ́kà nìkan ni ilẹ̀ ti máa ń mì tí ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè. Òkè olókùúta ló yí ìlú náà ká, bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun, ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ òkè. Ilé wa ní Nàkásà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí àwa tálákà pọ̀ sí, á gbọ̀n, ife á máa jó lórí tábìlì, àwa á sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Àlejò nìkan ló máa ń sá. Èmi náà sá ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọṣẹ lójú, àwọn ọmọdé àdúgbò sì tẹ̀lé mi bí ẹni ń tẹ̀lé onídán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé ilẹ̀ Mẹ́kà kò ní í fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Bó bá fẹ́, kó mì. Èmi kò ní í dìde.

Ìbúra yẹn ló fẹ́ẹ̀ rán mi lọ sọ́run.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Sáúdí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe dé ibẹ̀ ni mo ṣe dé ibẹ̀: mo lọ ṣe Úmúrà, nígbà tí ọjọ́ àtipadà pé, ẹsẹ̀ mi ní òun kò lọ. Jẹ́dà ni mo ti kọ́kọ́ gbé, ní Àmáríyà, àdúgbò àtijọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, ti àwọn tó ń lẹ bàtà àti ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti fara ti ara.

Ní ilé kéú tí mo lọ ní Ìkìrun, bí bébà tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí bá já bọ́, a ó mú un nílẹ̀ kíá, a ó fi kan iwájú orí, a ó sì gbé e síbi tó ga. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Nígbà tí mo wá dé Àmáríyà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún gbogbo ilẹ̀ẹ́lẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo fi kan orí. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún mú un. Kò pẹ́ tí àpò abáyà mi fi wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìlá ni, ó ní ìwé ìgbélùú tó pé, ó ti kọ́ Lárúbáwá lẹ́nu iṣẹ́, èmi sì ni mo máa ń bá a tún ilé ṣe. Ó da àpò mi sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi.

"Àlàájà, èyí ni ọ̀rá ìpápánu. Èyí ni bébà tí wọ́n fi di adìẹ díndín. Èyí, oògùn aáyán ni."

"Oògùn aáyán?"

"Oògùn aáyán lẹ ti ń fi kan orí láti ọjọ́ yìí. Ẹ ò rí i pé aáyán kankan ò sún mọ́ yín?"

Ìkíni náà kó mi sí wàhálà. Mo kúnlẹ̀ kí onílé wa, bàbá arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n pupa. Bàbá fò sẹ́yìn. "Haráámù! Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún!" Lọ́jọ́ kejì mo rò ó pé kí n má ṣe àṣejù, mo kàn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bàbá wò mí tàánútàánú, ó wọlé, ó sì gbé òróró ìpara wá fún mi, ó ní kí n máa fi pa ẹ̀yìn. Mo gbà á. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́, pẹ̀lú gbogbo bébà tí mo ti ṣà.

Mò ń fi ṣe ẹ̀rín báyìí ni. Nígbà yẹn, ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílé. Àwọn náà ń kí ènìyàn o, àlàáfíà ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kí mi kú ìjókòó ni mò ń wá, kú ìdúró, kú ìrọ́jú, kú àtijọ́. Mo bi obìnrin kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó jókòó. Ó wò mí títí. Ó ní, kí ni ẹni tó jókòó ṣe? Mo wọ yàrá mi lọ, mo jókòó, mo sì kí ara mi.

Wọ́n ń pè mí ní Hausa. Mo máa ń sọ fún wọn pé Yorùbá ni mí, ọmọ Ìkìrun, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Hausa Ìkìrun." Mo fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ìṣẹ́gun kéékèèké kúkú wà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Lárúbáwá bá oníṣọ́ọ̀bù jà lórí tòmátì tí mo sì borí, inú mi dùn débi pé mo padà lọ bá a jà lórí àlùbọ́sà tí mi ò nílò.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Mẹ́kà. Ilé ìfọṣọ kan ni, ní Ṣùbékà, nítòsí Hárámù, mọ́ṣáláṣí ńlá, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ bí igbó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ funfun aláwẹ́ méjì tí àwọn Àlàájì ń ró. Nàkásà ni mo ń gbé, nínú yàrá kan pẹ̀lú Àlàájà Ṣìfáwù, ọmọ Ìwó, tó ti wá ṣe Hájì nígbà tí mo ṣì kéré, tó sì ń padà sílé "lọ́dún tó ń bọ̀" láti ìgbà náà. Ìsàlẹ̀ wa ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí Àlàájà bá pe àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n wá jẹun, Lárúbáwá ni wọ́n á fi dá a lóhùn pé àwọn ò fẹ́. Àlàájà á fi Yorùbá bú wọn, wọ́n á fi Lárúbáwá rẹ́rìn-ín, oúnjẹ á sì tutù.

Nítorí ilé ni mo ṣe fara da gbogbo èyí. Mo ra ilẹ̀ kan sí Ìkìrun, mo sì ń fi owó ránṣẹ́ sí Múfú, àbúrò mi, pé kó bá mi kọ́lé sí i fún èmi àti ìyá wa, torí pé ilé amọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ayé ni mo sọ fún pé bí wọ́n bá ti kan òrùlé ilé yìí báyìí, mo ń bọ̀ nílé. Múfú náà ò jẹ́ kó sú òun, ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò kan náà ni ṣáá: ògiri láìsí òrùlé, ewúrẹ́ kan sì yọ orí lójú fèrèsé. Mo rí ewúrẹ́ yẹn nígbà tó lóyún. Mo rí i nígbà tó bímọ. Mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Páànù kan ṣoṣo ni mi ò rí.

"Sista mi, ọjà ló gbówó lórí," Múfú á wí.

Bí mo bá pe ìyá mi, tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, tí mo sì bi í léèrè ilé, á ní, "Ohun yẹn wà níbi tó wà," á sì yára béèrè ohun tí mo jẹ. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, lẹ́yìn ìrun. Àlàájà Ṣìfáwù ń ṣa ẹ̀wà, èmi ń gé èékánná ẹsẹ̀. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ife bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀.

"Àwọn olókùúta yìí," Àlàájà ní, "wọn kì í jẹ́ kéèyàn sinmi."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọ́ ọ," mo ní, mo na ẹsẹ̀ kejì.

Ẹfun ara àjà bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú ẹ̀wà. Àlàájà fẹ́ ẹ dànù. Ó tún já. Garawa omi rìn láti ìdí ògiri wá sí àárín yàrá, ó wá bá wa bí àlejò. Àlàájà dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ," ó ní, "òní kì í ṣe Jímọ̀ ni?"

"Jímọ̀ ni."

"Wọ́n ń fọ́ òkúta lọ́jọ́ Jímọ̀?"

A wo ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa Àlàájà Ṣìfáwù. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣàìsàn. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn wa, á sinmi, á kérora, á bú ẹni tó kọ́ ilé, kó tó tún gbé ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo dé ìsàlẹ̀, mo bá a níbẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wà ẹyọ kan kò sì dànù. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pariwo, "Sílísálì! Sílísálì!" Mo ti ń ka súrà kékeré tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀ láti ilé kéú, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ìtumọ̀ ti wá bá mi fúnra rẹ̀: ilẹ̀ ń mì tìtì.

Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ohun tí ilẹ̀ ń ṣe sí ìlú. Àwọn táǹkì orí òrùlé ń da omi sílẹ̀ bí òjò, ní ìlú tí òjò kì í sábà rọ̀. Wáyà iná ń fì. Bíríkì ń yí bọ̀ láti orí àwọn ilé tó wà lókè wa, eruku sì gbé gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè mì. Ilé wa sán láti òkè dé ẹnu ọ̀nà, àlàfo náà fẹ̀ débi pé láti ìsàlẹ̀ mo ń rí aṣọ fèrèsé aládùúgbò wa, mo sì rí i pé ó dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbà pé ó ti parí.

Gbogbo òkè Nàkásà ló dúró síta: Hausa, àwọn ará Bọ́mà, àwọn ará Ṣáàdì, àwa. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò ní ìwé kì í dúró síta. Mo yọ fóònù, mo kọ̀wé sí Múfú bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìfi àmì sí nǹkan kan:

"Mufu ile mi o! Ile mi gan ni! Ara mi n gbon. Maa pe e."

Bí mo ṣe fi í ránṣẹ́ báyìí ni fèrè mọ́tò ọlọ́pàá dún nísàlẹ̀. Àánú ló gbé wọn wá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró bi wọ́n? Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-fún-mi. Gbogbo òkè yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, a sáré gun àtẹ̀gùn, a padà sínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sán. Fóònù mi bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn tún tẹ̀ ẹ́ kó lè dá a lójú. A jókòó sínú yàrá, à ń mí hẹlẹhẹlẹ, à ń gba àlàfo ara ògiri wo yàrá aládùúgbò. Àlàájà Ṣìfáwù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

"Ilẹ̀ lé wa jáde, ọlọ́pàá lé wa wọlé," ó ní. "Kí Ọlọ́run kúkú fi ìyẹ́ fún wa."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, nǹkan kan bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ilẹ̀ bá ń mì lábẹ́ rẹ̀, ó kéré tán, ó yẹ kó lè dúró síta kó gba atẹ́gùn.

Ní Ṣùbékà lọ́jọ́ kejì, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá dúró gbọn-in, gíláàsì wọn ló kàn fọ́ káàkiri, àwọn iná olówó ńlá tó rọ̀ láti òkè sì tún ń fì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń rántí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ti rìn kúrò nídìí ògiri, ó lọ di ilẹ̀kùn. Àlàájì ńlá kan gbé àwẹ́ aṣọ kan ṣoṣo wá fún wa pé ká fọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi bi í pé èkejì ńkọ́. Àlàájì wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò mọ ibi tí ó bọ́ sí nígbà tí gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kó rí ojú mi.

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn bàlàdíyà, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ilé nínú ìlú, ti wá wo ilé wa, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan sára ògiri rẹ̀. Mo bá Àlàájà Ṣìfáwù níwájú rẹ̀. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, ó ti fi pa ojú, ó ti fi pa àyà, ọ̀dà náà ò sì tíì gbẹ.

"Wọ́n ti wá ṣàdúà sí ilé wa," ó ní, ojú rẹ̀ pupa bí ata.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ka ọ̀rọ̀ náà jáde, lẹ́yìn náà ó fi ìka júwe ìta fún wa. Kí gbogbo wa kó jáde ni wọ́n kọ. Ilé náà ti di wíwó.

Mi ò lè fi Àlàájà ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ti fi oògùn aáyán kan orí, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bu omi gbígbóná, mo fi ọṣẹ bá a bọ́ ojú. Òun bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn. Èmi di ẹrù mi, mo padà sí Jẹ́dà, sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́, mo sì gbé òkú fóònù mi lọ sí Àmáríyà pé kí wọ́n bá mi jí i dìde.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbà á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Nọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mélòó kan, onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀, máa ń jọ́sìn nínú pálọ̀ rẹ̀, torí ọjọ́ náà ni iṣẹ́ kì í sí. Wọ́n á fa aṣọ fèrèsé, wọ́n á gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, wọ́n á sì máa fi imú kọrin kí aládùúgbò má baà gbọ́. Èmi á wà nídìí ọbẹ̀ ní kíṣìnì, màá máa bá wọn ṣọ́ ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe tan fóònù náà báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ. Múfú nìkan ló kọ gbogbo rẹ̀. Ó ti ń kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Sista mi e jowo. Talo so fun yin?"

Mo ní, ta ló sọ fún mi báwo? Ṣé ó yẹ kí ẹnì kan tún wá sọ fún mi ni? Ìdí mi ló sọ fún mi! Mo kà á lọ.

"Sista e gbe foonu. E ma je ki ara yin gbon mo."

"Mo mo pe ile yin ni. Mi o so pe kii se ile yin."

Ìyẹn ò yé mi. Mo wọ pálọ̀ lọ, mo fi ọwọ́ pe Nọ́ọ̀sì láàárín orin. Ó bá mi wá sí kíṣìnì, ó ka ohun tí mo kọ, ó ka èsì, ó tún padà ka ohun tí mo kọ.

"Àlàájà, kí lẹ fẹ́ sọ níbí?"

"Ilẹ̀ mì o! Ilẹ̀ mì gan-an ni!"

"Ẹ gbọ́ bí òun ṣe kà á." Ó na ọrùn, ó fi ohùn ẹni tó ń bínú kà á: "Ilé mi o! Ilé mi gan-an ni! Ara mi ń gbọ̀n!"

Ọbẹ̀ ń hó. Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì.

A jọ ka ìyókù, ọ̀rọ̀ Bàbá Rísì, aládùúgbò wa ní Ìkìrun, ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Se Baba Risi lo so fun yin? Olofofo ni Baba Risi."

"Sista orule yen, odun to koja la kan an. Mo fe fi se sopraisi fun yin ni."

"Foto yen, ile Baba Risi ni. Ewure Baba Risi ni. E dariji mi."

"Iya iyawo mi maa ko jade ni yara eyin lola."

"Mo ti ko won jade. Won wa labe igi mangoro. Sista e dahun."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu, ó ń mì. Àwọn olùjọ́sìn sáré wá láti pálọ̀, "Ẹ rọra, ẹ rọra, wọ́n á gbọ́ wa!" Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣe ni wọ́n gbé ojú wọn sínú ìrọ̀rí. Orin tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ̀rín ìyá ìyàwó Múfú lábẹ́ igi máńgòrò fẹ́ẹ̀ tú u fó.

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán, omi náà ò sì dá. Ó dùn mí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ pé ìdílé ẹni ni ó ti máa bá a. Ilé mi ti parí, wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ fún ewúrẹ́ Bàbá Rísì. Nínú gbogbo ohun tí Múfú kọ, kò sí ibì kan tó ti béèrè pé kí ló dé tí ara mi fi ń gbọ̀n.

Mo pe ìyá mi.

"Ìyá, ilẹ̀ mì ní Mẹ́kà."

"Ilẹ̀ rẹ? Kò sẹ́ni tó gba ilẹ̀ rẹ!"

"Rárá, Ìyá! Ilẹ̀ ló mì tìtì! Ilé wa sán!"

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ṣé o fara pa? Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Orí rẹ ńkọ́? Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?" Ó bi mí léèrè gbogbo ẹ̀yà ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé.

Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi pé ilé ti parí.

"Múfú ní àwọn Lárúbáwá máa ń gbọ́ ohun tí à ń sọ lórí fóònù. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé o ti ní ilé, wọn ò ní jẹ́ kó o máa bọ̀." Ó húkọ́. "Yàrá iwájú, kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀ rí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ mí títí, mo ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Ìdí mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Èsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi tipẹ́: bí ilé bá parí. Ilé ti parí, èsì náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àṣé èmi náà ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn páànù tí wọn ò kàn. Mo ti mọ Mẹ́kà dáadáa débi pé mo mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tù àti èyí tó jẹ́ ilẹ̀, Ìkìrun ló wá ń bà mí lẹ́rù. Ta ló máa mọ̀ mí níbẹ̀ mọ́, yàtọ̀ sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà nídìí rẹ̀?

"Ìyá," mo ní, "ẹ má sọ fún Múfú pé ilẹ̀ ló mì."

"Mi ò ní í sọ," ó ní. Ìyá mi mọ ọ̀rọ̀ í pa mọ́.

Mo pinnu pé mò ń lọ sílé, mo sì lọ dágbére fún Àlàájà Ṣìfáwù ní Mẹ́kà. Ó fún mi ní tẹ̀sùbáà rẹ̀ kan, ó ní kí n bá òun kí Ìwó. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó wo àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi Lárúbáwá jà lórí rìmóòtù.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní.

Tàrìhílì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń dá ẹni tí kò níwèé padà sílé. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ibẹ̀. Ẹnu ya ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀; ó ní àwọn yòókù, àwọn ń lé wọn ká ni, kí ló ṣe èmi? Mo wá Lárúbáwá "ilé mi ti parí" nínú orí mi, mo ní, "Bẹ́tì halásì." Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rò pé ilé mi ló wó nígbà tí ilẹ̀ mì. Ó ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò rẹ̀, ó sì fún mi ní omi tútù. Mo ṣe àmín. Mo mu omi náà tán.

Ní Ìkìrun, Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí mo fi jókòó, tí mo sì bọ́ bàtà.

"Sista mi, ilé yín ni."

"Ilẹ̀ ló mì, Múfú. Ní Mẹ́kà. Ilẹ̀."

Ó gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀ ń sọ pé… kò sẹ́ni tó sọ fún yín?"

"Ìwọ lo sọ fún mi."

Mo ní kó lọ mú ìyá ìyàwó rẹ̀ padà wá sí yàrá ẹ̀yìn, torí ìyá náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo lọ kí ewúrẹ́ Bàbá Rísì náà. Kò dá mi mọ̀.

Wọ́n ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú wa báyìí, mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò rántí sọ fún mi. Ní ọ̀sàn ọjọ́ kan mo jókòó nínú yàrá iwájú, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni ilẹ̀ bá mì. Mo gbé abọ́ ẹ̀wà, mo ta kìjí, mo bá ara mi níta. Èmi nìkan ni. Àwọn ará àdúgbò ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, ẹsẹ̀ mi ti múra àtisá padà wọlé. Kò sí fèrè mọ́tò kankan. Ọmọ kan kọjá, ó kí mi kú ìdúró.

Ìyá mi yọ orí lójú fèrèsé. "Kí ló dé?"

"Ilẹ̀ mì!"

Mi ò mọ̀ bóyá etí rẹ̀ ló ṣe é, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀.

"Ilẹ̀ rẹ ni," ó ní. "Ta ló bá ọ jà sí i? Wọlé, jàre. Ẹ̀wà yẹn kò ní í jinná níta."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì wọlé. Mo dúró síta gbangba níbẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà mi, títí ó fi wù mí láti wọlé.